Ẹ gbà mí o: kánjì kan ṣoṣo ló yẹ kó wà láàrin mẹ́rin yìí, mi ò rí i

Sìsí_Bódìjà:
Ẹ káalẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń kọ́ èdè Japan lórí fóònù, kánjì, ìyẹn àwọn àmì tí wọ́n fi ń kọ èdè náà, tí mo mọ̀ á ti tó irinwó (ohun tí mo rò nìyẹn o, kó tó di àná), ọ̀rẹ́ mi kan wá fi àlọ́ kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní tí mo bá já a kí n tó sùn òun á ra súyà fún mi. Ọjọ́ kejì rèé, mi ò tíì fẹnu kan súyà.

Bó ṣe rí nìyí. Àpótí márùn-ún ni wọ́n yà bí àgbélébùú, tàárín ṣófo. Tòkè ni 歌, ìyẹn orin, ọfà kan sì ti ibẹ̀ wọ àárín. Tọwọ́ òsì ni 切, ìyẹn kéèyàn gé nǹkan, ọfà ti ibẹ̀ náà wọ àárín. Ọfà wá ti àárín jáde lọ sí 紙 lọ́wọ́ ọ̀tún, bébà nìyẹn, òmíràn jáde lọ sí 話 nísàlẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ sísọ. Kánjì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ kí n fi sáàrin, tó máa bá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ọ̀rọ̀.

Mo fi 電 sí i torí 電話, denwa, tẹlifóònù, ó dáa, àmọ́ kò bá 紙 lọ rárá. Mo fi 会 sí i, 会話 wà, ìtàkùrọ̀sọ, 会紙 ò sí níbì kankan. Mo fi 白 sí i, 白紙 wà, bébà tí wọn ò kọ nǹkan kan sí, àmọ́ 歌白 wá ńkọ́, orin funfun? Orí ti ń fọ́ mi. Ẹ má sọ ìdáhùn o, ẹ kàn fọ̀nà hàn mí.

Alákàrà_Orí_Ayélujára:
Orin. Gígé. Bébà. Ọ̀rọ̀. Àbúrò, DJ ni ìdáhùn 😂 òun ló ń gé orin, òun ló ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, òun náà ni wọ́n ń lẹ owó bébà mọ́ níwájú orí.

Bọ̀dá_Nagoya:
Alákàrà ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, inú ọkọ̀ ojú irin ni mo wà, níbí yìí ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sókè nínú ọkọ̀, gbogbo ojú ló máa yí sí i.

Sìsí, irú àlọ́ yẹn lórúkọ, wadōkaichin ni wọ́n ń pè é, 和同開珎. Orúkọ owó bàbà kan ni, ọdún 708 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ ní Japan. Owó náà rí roboto, wọ́n dá ihò onígun mẹ́rin sí i láàrin, wọ́n wá kọ kánjì mẹ́rin yí ihò náà ká. Padà lọ wo àwòrán tí ọ̀rẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ṣó o rí i? Ihò owó yẹn ni wọ́n ní kó o dí.

Ibi tó o ti ṣìnà ni pé ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ jù lo gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ tó parí sí 話 àti 紙 pọ̀ jàntìrẹrẹ, 電話, 会話, 神話, 童話, 世話, tún wo 用紙, 表紙, 白紙, 和紙, tó o bá ń ka ìyẹn lọ ilẹ̀ á mọ́ bá ẹ níbẹ̀. Ibi tó há ni kó o gbà. Nínú irinwó kánjì tó o mọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ oníkánjì méjì mélòó lo gbọ́ rí tó fi 歌 bẹ̀rẹ̀? Mélòó ló fi 切 bẹ̀rẹ̀? Mú bírò, kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kánjì kan máa wà nínú méjèèjì. Kó o wá gbé ìyẹn wò pẹ̀lú 紙 àti 話. Má sì gbàgbé ọfà o, ọfà ló ń sọ èwo ló máa ṣáájú.

Oníwèé_Mọ́kọ́lá:
Kí ló dé tẹ́ ẹ ń fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ? Ṣebí kó ṣí dikíṣọ́nárì inú fóònù ẹ̀, kó tẹ 歌 síbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ á tò jáde gbẹrẹgẹdẹ. Ìṣẹ́jú kan péré.

Sìsí_Bódìjà:
手!!!!!! ỌWỌ́!!!!!

Mi ò ṣí dikíṣọ́nárì kankan o. Mo kọ 歌 sílẹ̀, mo rí 歌詞 tó jẹ́ ọ̀rọ̀ orin, mo rí 歌手, mo tún kọ 歌舞伎 kí n tó rántí pé mẹ́ta nìyẹn. Mo kọ 切, mo rí 切符, tíkẹ́ẹ̀tì, mo rí 切手. Mo wo apá ibí mo wo apá ọ̀hún, mo pariwo débi pé màmá àgbà jáde láti yàrá wọn tí wọ́n ní ta ló kú.

歌手 kashu, olórin. 切手 kitte, sítáǹbù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. 手紙 tegami, lẹ́tà fúnra ẹ̀. 手話 shuwa, èdè tí àwọn adití ń fi ọwọ́ sọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé!

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọwọ́ kan náà ni, wọ́n á pè é ní shu nínú 歌手, wọ́n á tún pè é ní te nínú 手紙. Èwo ni ká mú?

Bọ̀dá_Nagoya:
Ó káre, ọmọ dáadáa. Súyà ti di tìẹ.

Méjèèjì ni o máa mú. Nígbà táwọn ará Japan gba kánjì lọ́wọ́ àwọn ará China, wọ́n gba ìró tó bá a wá, ìyẹn ni shu. Àmọ́ kí kánjì tó dé, wọ́n ti ní ọwọ́ lára, wọ́n sì ti ń pè é ní te, wọn ò jù ú nù. Wọ́n wá fi orúkọ méjèèjì sórí kánjì kan. 手 ṣì dáa, ìwọ wo 日, ìyẹn ọjọ́. 毎日 ni mainichi, 休日 ni kyūjitsu, 日記 ni nikki. Ọjọ́ Àìkú wá ni 日曜日, nichiyōbi, kánjì kan náà ló wà níwájú tó tún wà lẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nichi ni wọ́n pe tiwájú, bi ni wọ́n pe tẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i mo fẹ́ padà sílé.

Ìdí nìyẹn tí wadōkaichin fi dùn, kò bìkítà fún ìró, ojú ló fi ń bá ẹ ṣeré. Crossword gangan tí wọ́n máa ń ṣe níbí, kàtàkánà, àwọn àmì wọn tó ń dúró fún ìró nìkan, ni wọ́n ń fi kún inú ẹ̀, àpótí kan, ìró kan. Àmọ́ àwọn kan tún wà tó jẹ́ kánjì ni gbogbo ẹ̀, kanji nankuro ni wọ́n ń pè é, nọ́ńbà ló máa wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, níbi gbogbo tó o bá ti rí 7, kánjì kan náà ni, wọ́n á fún ẹ ní méjì mẹ́ta láti fi bẹ̀rẹ̀, ìyókù dọwọ́ ẹ. Ó lè gba gbogbo ọjọ́ ìsinmi lọ́wọ́ èèyàn.

Àwọn Nikoli tó ń tẹ ìwé àlọ́ ní Tokyo láti ọdún 1980 náà ló fún sudoku lórúkọ. Ìkékúrú ni, "sūji wa dokushin ni kagiru", ìyẹn ni pé nọ́ńbà gbọ́dọ̀ dá wà bí àpọ́n.

Alákàrà_Orí_Ayélujára:
Torí náà gbogbo ìgbà tí dádì mi ń ṣe sudoku nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ Sátidé, àwọn àpọ́n ni wọ́n ń tò sílé. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Guangzhou:
Ẹ kúulé o. Ọjà ni mo ń rà ní China, ọdún kẹfà mi rèé, mi ò gbọ́ Japan, àmọ́ kánjì yẹn la fi ń kọ páálí ẹrù níbí. Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra o. 手紙 tẹ́ ẹ ń pè ní lẹ́tà yẹn, níbí wọ́n ń kọ ọ́ báyìí 手纸, BÉBÀ ÌNÙDÍ ni. Tẹ́ ẹ bá kọ̀wé sí ará China pé ẹ ti fi 手紙 ránṣẹ́ sí i, ẹ má retí èsì.

Sìsí_Bódìjà:
Mo ti kú 😭😭😭

Bọ̀dá_Nagoya:
Òótọ́ ni. Ará China kan níbi iṣẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú nígbà tí ọ̀gá wa sọ pé òun gba 手紙 tó mú inú òun dùn gan-an.

Ọmọ Guangzhou, jẹ́ ká dán ẹ wò, kó o fi ojú China já èyí. 花 àti 点 ló ń wọlé, 山 àti 事 ló gba ìta lọ. Òdòdó, ojúàmì, òkè, ọ̀ràn. Kí ló wà láàrin?

Ọmọ_Guangzhou:
Ẹ̀gbọ́n ẹ fẹ́ dójú tì mí ni. Ó dáa. 点 tó ń wọlé, mo mọ 点心, oúnjẹ kéékèèké tí wọ́n ń fi tíì jẹ, àmọ́ 心山 kò sí. 点火, kéèyàn tanná sí nǹkan. 火山, òkè tó ń yọ iná, ìyẹn wà níbí náà. Àmọ́ 火事? Àwa 火灾 la máa ń sọ tí ilé bá jó. 花火 ńkọ́, òdòdó iná, mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Ṣùgbọ́n 火 náà ni màá dúró lé.

Bọ̀dá_Nagoya:
火 ni! 花火, hanabi, ni iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú sánmà, ẹ̀ẹ̀rùn ò lè kọjá níbí láìsí i. 火事, kaji, ni ilé tó ń jó. Ìdajì ni China fún ẹ, ìdajì tó kù o fi ìgboyà já a.

Oníwèé_Mọ́kọ́lá:
Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi o. Dikíṣọ́nárì wà fún kéèyàn lò ó. Àwọn ará Japan gan-an, ìjọba wọn ní 2,136 ni kánjì tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, mo kà á níbì kan, ta ló fẹ́ kó gbogbo ìyẹn sórí? Ẹni tó lo dikíṣọ́nárì náà ń kẹ́kọ̀ọ́.

Bọ̀dá_Nagoya:
2,136 yẹn pé, láti 2010 ni. Àmọ́ ẹ wò ó, ohun tí àlọ́ yìí ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ tó o ti mọ̀ máa dìde wá nígbà tó o bá pè é. Dikíṣọ́nárì máa bá ẹ pè é, ọ̀rọ̀ á jáde, orí tìẹ ò ṣe nǹkan kan. Kódà àwọn onílé ń gbàgbé, torí fóònù ló ń kọ ọ́ fún wọn, tó o bá tẹ ìró sílẹ̀ á to kánjì síwájú ẹ kó o mú. Mo ti rí àgbàlagbà tó mú bírò tó ń wo òkè àjà, tó ń fi ìka kọ nǹkan sórí àtẹ́lẹwọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn míì wà tó jẹ́ pé ìdánwò kánjì ni wọ́n fi ń ṣe fàájì, Kanji Kentei, láti 1975 ló ti wà, ìpele kẹwàá ni ọmọ ilé ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀, ìpele kìn-ín-ní wá tó bí kánjì 6,000. Mi ò ní lọ dán an wò. Iṣẹ́ ni mo wá ṣe.

Alálọ̀_Ọ̀yọ́:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mi ò mọ kánjì kankan, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe yìí kò ṣàjèjì sí mi. Ṣebí láyé àtijọ́ tí ọkùnrin bá fẹ́ sọ fún obìnrin pé ọkàn òun fà sí i, owó ẹyọ mẹ́fà ló máa sín ránṣẹ́ ní àrokò. Ẹ̀fà, torí pé ọkàn ń fà. Tí obìnrin náà bá gbà, mẹ́jọ ló máa dá padà. Ẹ̀jọ, ká jọ wà. Nọ́ńbà ló fi ránṣẹ́, ìró ló ń sọ̀rọ̀. Ṣé àwọn tibẹ̀ ní irú ẹ̀?

Bọ̀dá_Nagoya:
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní i o, ó pọ̀. Ẹ wo 4649: 4 jẹ́ yo, 6 jẹ́ ro, 4 tún lè jẹ́ shi, 9 jẹ́ ku, yoroshiku, ìyẹn bíi ká sọ pé ẹ máa ṣe dáadáa sí mi o. Ó sì ti pẹ́. Nínú Man'yōshū, àkójọ ewì wọn láti ọ̀rúndún kẹjọ, tí wọ́n bá fẹ́ kọ ìró "shishi" wọ́n lè kọ 十六, ẹẹ́rìndínlógún, torí shi ni ẹẹ́rin, mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin sì ni mẹ́rìndínlógún. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ "kuku" wọ́n á kọ 八十一, nítorí mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án. Ẹni tí kò bá mọ ìṣirò kò lè ka ewì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa Ono no Takamura, akéwì kan. Láyé ọba Saga, ọ̀rúndún kẹsàn-án, ẹnì kan gbé pátákó síwájú ààfin, kánjì mẹ́ta ló kọ sí i, 無悪善: àìsí, ibi, rere. Ọba ní kí Takamura kà á. Takamura ní òun lè kà á, àmọ́ ẹnu òun ò gbà á. Ọba fi dandan lé e. Ó bá kà á báyìí: "Saga nakute yokaran." Tí Saga ò bá sí, ì bá dáa. Ṣé ẹ rí i, 悪 tó jẹ́ ibi yẹn, èèyàn lè pè é ní saga, bí orúkọ ọba gan-an. Ọba ní ta ló máa kọ irú ẹ̀ bí kì í bá ṣe ìwọ tó o lè kà á? Takamura fèsì pé kò sí ohun tí wọ́n kọ tóun ò lè kà. Ọba mú kálámù, ó kọ 子 méjìlá sílẹ̀ gbọọrọ:

子子子子子子子子子子子子

Ó ní, ó yá, kà á.

Alákàrà_Orí_Ayélujára:
Èmi ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù mi.

Sìsí_Bódìjà:
子 ni ọmọ! Ko! Kokokokoko... 😭 ẹ̀gbọ́n kí ló kà?

Bọ̀dá_Nagoya:
子 lè jẹ́ ko, ó lè jẹ́ ne, ó lè jẹ́ shi. Takamura ní: "neko no ko no koneko, shishi no ko no kojishi." Ọmọ ológbò tí ológbò bí, ọmọ kìnnìún tí kìnnìún bí. Kà á wò, mẹ́fà mẹ́fà ló pín wọn, méjìlá pé, "no" inú ẹ̀ ni wọn kì í kọ sílẹ̀. Ọba rẹ́rìn-ín, kò fi nǹkan kan ṣe é.

Alálọ̀_Ọ̀yọ́:
Háà! Ọlọ́gbọ́n ni. Ọ̀pẹ̀lọpẹ̀ ẹnu ẹ̀.

Ọmọ_Guangzhou:
Ìyẹn ń ka ìró, èmi tẹ́ ẹ bá ti gbé ti ojú dé màá bá yín ṣe é. Igi kan 木, igi méjì 林, igi mẹ́ta 森 ti di igbó. Èèyàn fara ti igi 休, ó ń sinmi. Etí lẹ́nu ọ̀nà 聞, ó ń gbọ́. Ẹnu lẹ́nu ọ̀nà 問, ó ń béèrè.

Alákàrà_Orí_Ayélujára:
Etí lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn ìyálé mi. Àlùmọ̀kọ́rọ́yí ni wọ́n ń pè é ládùúgbò wa.

Bọ̀dá_Nagoya:
Tí àtúká bá ni, ẹ gbọ́ èyí. Ní Kyoto, ní tẹ́ńpìlì Ryōan-ji, ibi tí wọ́n ní ọgbà òkúta tí gbogbo ayé ń lọ wò, tẹ́ ẹ bá yí sẹ́yìn ilé náà ẹ máa rí ọpọ́n òkúta kan tó rí bí owó àtijọ́ yẹn gẹ́lẹ́, roboto, omi wà nínú ihò onígun mẹ́rin láàrin ẹ̀. Wọ́n gbẹ́ nǹkan mẹ́rin yí ihò náà ká, mo dúró níbẹ̀ mo ń kà á, kò sọ nǹkan kan tó nítumọ̀, mo rò pé kánjì mi ò tíì tó ni. Bàbá arúgbó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kàn na ìka sí ihò náà. Ihò onígun mẹ́rin yẹn, kánjì lòun náà, 口, ẹnu! Ẹ bá mi fi ẹnu sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: 五 di 吾, 隹 di 唯, èyí tó wà nísàlẹ̀ di 足, 矢 di 知. 吾唯足知, ware tada taru o shiru: ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ó tó mi lọ. Mo ti ń fi omi inú ẹ̀ fọwọ́ o, kí n tó mọ̀ pé kánjì ni mo ki ọwọ́ bọ̀.

Oníwèé_Mọ́kọ́lá:
Ìyẹn dùn. Ẹ fún mi ní ọ̀kan, màá já a láìsí dikíṣọ́nárì kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé mi ò ya ọ̀lẹ.

Bọ̀dá_Nagoya:
Ó yá. Àwọn ará Japan ń fi kánjì sọ ọjọ́ orí àwọn àgbà lórúkọ. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní 白寿, hakuju, 寿 yẹn jẹ́ ẹ̀mí gígùn, 白 jẹ́ funfun. Ọgọ́rùn-ún ni 百, oókan ni 一. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹni tó ń ṣe hakuju?

Oníwèé_Mọ́kọ́lá:
Funfun... irun funfun? Ọgọ́rin? Rárá ẹ dúró. Ẹ dúró ná. 百, tí wọ́n bá yọ 一 orí ẹ̀ kúrò, 白 ló kù. Ọgọ́rùn-ún ó dín ẹyọ kan. 99!!! Àwọn èèyàn yìí o.

Bọ̀dá_Nagoya:
Ẹ káre! Ó tún kù. 88 ni 米寿, beiju. Ẹ tú 米, ẹ máa rí 八 lókè tí wọ́n dà dojú délẹ̀, 十 láàrin, 八 nísàlẹ̀: 八十八, méjìdínláàádọ́rùn-ún. 108 ni 茶寿, tíì mímu ni 茶, koríko orí ẹ̀ yẹn 十 méjì ni wọ́n kà á sí, ogún nìyẹn, ìsàlẹ̀ ẹ̀ wọ́n kà á sí 八十八, ẹ ròó pọ̀.

Sìsí_Bódìjà:
Ẹ̀gbọ́n 88???? Màmá àgbà ń pé 88 lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀! Màá ní kí oníkéèkì kọ 米 gàdàgbà sórí ẹ̀.

Bọ̀dá_Nagoya:
Ẹ bá mi kí màmá o, ẹ ṣe é. Àmọ́ ya kánjì yẹn fún oníkéèkì sórí bébà, kó má lọ kọ 木 fún yín.

Sìsí_Bódìjà:
Mo padà dé. Ọjọ́ Àìkú rèé, a ti ṣe é, ó dùn gan-an. Oníkéèkì gbìyànjú, ó kàn dà bí ìràwọ̀ díẹ̀ ni. Súyà náà dé, àwọn àbúrò mi sì ti jẹ ẹ́ tán kí n tó jáde ní bálùwẹ̀.

Màmá àgbà wo kéèkì náà títí, wọ́n ní kí ni wọ́n kọ sí i yìí. Mo jókòó tì wọ́n, mo fi ìka tú u fún wọn, mo ní ẹẹ́jọ lókè, ẹẹ́wàá láàrin, ẹẹ́jọ nísàlẹ̀, ọjọ́ orí yín ni, màmá. Wọ́n mi orí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ní, "Gbogbo ẹ̀ pọ̀ wá ń jẹ́ kí ni?"

Mo ní ìrẹsì.

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n yíjú sí mọ́mì mi, wọ́n ní, "Ṣebí àmàlà lẹ sọ fún mi pé ẹ máa sè."